Ọparun Nínú Pálọ̀: Láti Bèbè Odò Dé Ara Ògiri

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti fi ọparun ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ rí ló kó o dànù kí ọdún tó yípo. Lẹ́búlẹ́bú bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, ihò wínníwínní yọ lára rẹ̀, ọ̀pá tó le tẹ́lẹ̀ di ohun tí ọwọ́ lè rún. Wọ́n ní ọparun kì í pẹ́. Ẹ̀bi ọparun kọ́. Èyí tí wọ́n gé ní rírọ̀, tí wọ́n gbé wọlé láìtọ́jú, kò sí bí kòkòrò kò ṣe ní í jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ díẹ̀ nínú igbó àti nínú omi kí a tó dé pálọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fo ibẹ̀.

Irú ọparun tó wà ní àrọ́wọ́tó

Ọparun kì í ṣe igi. Ẹbí koríko ni, ìbátan àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ kì í fi í sanra sí i: bó ṣe tóbi tó nígbà tó ta èéhù jáde láti inú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò tóbi mọ títí yóò fi kú. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti ga dé ibi tó máa ga dé. Líle ló kù tó ń le, ìyẹn sì ń gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ìdì ọparun: ọ̀pá tó ga jù níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún tó kọjá.

Èyí tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, tó ń hù ní ìdì ní ìdì lẹ́bàá odò àti ní àkùrọ̀, ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Bambusa vulgaris. Láti Éṣíà ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Ó máa ń ga tó mítà 10 sí 20, ọ̀pá rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 10. Òun náà ló ní ẹ̀yà aláwọ̀ yẹ́lò tó ní ìlà àwọ̀ ewé, tí àwọn ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé. Ara rẹ̀ nípọn, ó lágbára, ṣùgbọ́n sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, sítáàṣì yìí gan-an sì ni oúnjẹ kòkòrò. Ní àwọn ilẹ̀ gbígbẹ ti apá òkè Nàìjíríà, irú mìíràn wà tó jẹ́ ti Áfíríkà láti ìpilẹ̀, Oxytenanthera abyssinica. Ihò inú tirẹ̀ kéré gan-an, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí.

Lójú ọjà, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní bamboo. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé. Ọparun sábà máa ń ní ihò nínú, ó sì ní oríkèé. Pàǹkẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń hun àga àti bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, inú rẹ̀ dí, ó sì ń tẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ kò ní oríkèé rárá, inú rẹ̀ rọ̀, ó sì fúyẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúlò. Ọparun nìkan ni ọ̀rọ̀ orí ìwé yìí kàn.

Ohun tí ọparun dúró fún

Kí àwọn tó ń yá ènìyàn ní kánópì tó gbòde, ọparun ni òpó àtíbàbà. Bí ìnáwó bá ku ọ̀túnla, àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé á mú àdá, wọ́n á ru ọparun tútù bọ̀ wálé, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé ìyàwó ń bọ̀ tàbí pé wọ́n fẹ́ ṣe òkú àgbà. Nínú ilé alámọ̀, ọparun wà nínú àjà, ó wà nínú ibùsùn, ó wà nínú ọgbà tí wọ́n sọ yí ẹ̀yìnkùlé ká. A gbẹ́ fèrè lára rẹ̀. Lónìí, ọ̀dọ̀ bíríkìlà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí i, níbi tó ti ń gbé dẹ́kìn ró títí kọnkéré yóò fi gbẹ, lẹ́yìn ìyẹn ó di igi ìdáná. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe gbà pé ohun àìrówóná ni, pé kò yẹ pálọ̀ ẹni tó lọ́lá. Èmi kò gbà. Ohun tó ń gbé ilé alájà ró kí ó tó lè dá dúró, kò yẹ kí a máa tijú rẹ̀ nínú ilé náà nígbà tí a bá parí rẹ̀.

Àwọn ará Éṣíà kò tijú rẹ̀ rí. Ní Ṣáínà, ọparun jẹ́ ọ̀kan nínú ewéko mẹ́rin tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń yà láti fi ṣàpẹẹrẹ ìwà ọmọlúàbí. Wen Tong, ọ̀kan nínú wọn, tó gbé ayé láti 1019 sí 1079, torí yíyà ọparun di ẹni tí a kò gbàgbé. Ohun tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ ni pé ó dúró ṣánṣán, ìjì ń tẹ̀ ẹ́ kò ṣẹ́, inú rẹ̀ sì ṣófo, èyí tí wọ́n kà sí ìrẹ̀lẹ̀, nítorí ẹni tó kún fún ara rẹ̀ kò ní àyè fún ẹ̀kọ́. Ní Jàpáànù, bí ọdún tuntun bá ń bọ̀, wọ́n máa ń gbé ọparun àti ẹ̀ka igi páìnì sí ẹnu ọ̀nà. Ní 1967, ìjọba Jàpáànù fi Shōno Shōunsai, ahunparun láti ìlú Beppu, jẹ oyè tí wọ́n ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kà sí ìṣúra orílẹ̀-èdè. Òun ni ahunparun àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́.

Gígé

Ọ̀pá ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kí ẹ wá. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀pá tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ní awọ èèpo tó lẹ̀ mọ́ oríkèé rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀fun funfun sì máa ń wà lábẹ́ oríkèé. Èyí tó gbó ti bọ́ èèpo, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, àbàwọ́n funfun àti eléérú ti hù sí ara rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn àdá kàn án: ohùn ọparun tó gbó máa ń dún gan-an, ti ọ̀dọ́ máa ń dún bọ̀lọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yín ni ìdì ọparun wà, ọgbọ́n kan wà tó ju gbogbo èyí lọ. Lọ́dọọdún, ẹ fi ọ̀dà kun èéhù tó bá yọ, àwọ̀ kan fún ọdún kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ẹ kò ní máa méfò mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ara ọ̀pá má baà kún fún omi. Ẹ gé e lókè oríkèé àkọ́kọ́ tàbí èkejì sí ilẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ojú gígé náà kò ṣe ife tí omi lè dúró sí, nítorí omi tó bá rọ̀ síbẹ̀ yóò mú kí gbòǹgbò jẹrà. Ẹ fi èyí tó rọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ìdì náà. Àwọn ni yóò bọ́ èéhù ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn gígé, ẹ má yára wọ́ ọ lọ sílé. Ẹ gbé e dúró ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tòun ti ewé lórí, kí ìdí rẹ̀ wà lórí òkúta, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ewé náà yóò máa fa omi, yóò sì máa jẹ lára sítáàṣì tó wà nínú ọ̀pá náà títí yóò fi rọ.

Ọparun tí bíríkìlà ti lò ńkọ́? Ó pọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò kí wọ́n tó gé e, ìṣó sì ti la ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ lè fi sọ ọgbà. Ẹ má gbé e wọlé.

Títọ́jú

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Kòkòrò kékeré kan tí kò ju ìrẹsì lọ, Dinoderus minutus, ló ń sọ ọparun di lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀nà ibi tí a gé ló ń gbà wọlé, nítorí èèpo ìta le jù fún un. Bí sítáàṣì bá tán tàbí tí ó bá korò, kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà àwọn baba ńlá ni omi. Ẹ ri ọparun sínú odò tó ń ṣàn, ẹ gbé òkúta lé e, nítorí ó máa ń léfòó, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún oṣù kan sí méjì. Omi yóò fọ sítáàṣì kúrò. Bí ó bá jẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù ni, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òórùn rẹ̀ á lé gbogbo àdúgbò. Ọ̀nà yìí kò náni lówó, ó sì dára, àmọ́ kò dáàbò bo ọparun tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Borax àti boric acid ni mo fi ọkàn tán jù. Ẹ ó rí wọn rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, bíi ní ọjà Ọjọ́ta ní Èkó. Fún omi tó tó lítà 100, ẹ da kílò 3 borax àti kílò 2 boric acid sí i. Omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ́ ọ. Kí ẹ tó ri ọ̀pá odindi sínú rẹ̀, ẹ mú irin gígùn tó mú lẹ́nu, kí ẹ fi gún gbogbo pátákó inú oríkèé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí omi lè dé inú lọ́hùn-ún. Ọparun tí ẹ kò gún yóò mu omi níta nìkan. Ọ̀pá odindi gba ọ̀sẹ̀ méjì; èyí tí ẹ ti là gba ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ kò bá ní ọpọ́n tó gùn tó o, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró, kí ẹ tẹ́ tapọ́líìnì sínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn súnmọ́ ọn. Ẹ lè tún omi náà lò fún òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí oko tàbí odò nígbà tí ẹ bá ṣe tán, nítorí ó ń pa irúgbìn. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òjò lè fọ oògùn yìí kúrò: ọparun inú ilé ló wà fún, kì í ṣe ti ìta gbangba.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbẹ. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni, kì í ṣe oòrùn. Ẹ gbé e dúró, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sórí igi kí ó má fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì máa yí i padà. Ọparun tó nípọn ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Àkókò ọyẹ́ léwu púpọ̀: atẹ́gùn rẹ̀ ń yára fa omi kúrò níta nígbà tí inú ṣì tutù, ọ̀pá á sì sán tìpá. Ẹ̀rọ amúlétutù máa ń ṣe irú iṣẹ́ burúkú yìí náà, nítorí náà ẹ má gbé ọparun tí kò tíì gbẹ dáadáa sínú yàrá tó ní i.

Àwọ̀ ewé yẹn yóò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bínú sí i nígbà tó bá yá. Ti àwọ̀ ewé àti ti àwọ̀ yẹ́lò, gbogbo wọn yóò di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa dán, ẹ ṣe bí àwọn ará Jàpáànù: ẹ fi iná èédú yá ara ọparun náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i, òróró inú rẹ̀ yóò làágùn jáde, kí ẹ sì máa fi àkísà nù ún. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá ihò sí àárín oríkèé kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ọparun máa ń bú gbàù bí iná bá rà á. Àwọn ará Ṣáínà ìgbàanì mọ̀ọ́mọ̀ ń ju ọparun sínú iná nítorí ariwo yẹn, kí wọ́n lè fi lé ibi jáde lọ́dún tuntun, nígbà tí ẹ̀tù kò tíì sí.

Ohun tí ẹ lè fi ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ife òdòdó tí a ń gbé kọ́ ògiri. Ẹ gé ọparun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí oríkèé kan wà ní ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí ife. Ayùn tí eyín rẹ̀ kéré ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi téèpù wé ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé kí ó má baà fà ya. Ẹ gé fèrèsé sí ara rẹ̀ níwájú, ẹ dá ihò kan sí ẹ̀yìn lókè fún ìṣó, kí ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ dáadáa, nítorí etí ọparun máa ń gé ènìyàn bí abẹ. Ẹ má da omi sínú rẹ̀ tààràtà. Ẹ ki ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, inú ìgò ni omi àti òdòdó yóò wà.

Bí ife náà bá sán lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ má yára sọ ọ́ nù. Ní 1590, nígbà tí ọ̀gágun Toyotomi Hideyoshi lọ dóti ìlú Odawara, Sen no Rikyū, ọ̀gá nínú ètò tíì mímu ilẹ̀ Jàpáànù, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gé ọparun kan ní Nirayama, ó fi ṣe ife òdòdó. Ọparun náà sán lójú. Rikyū lò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ife náà ní Onjōji, orúkọ tẹ́ńpìlì kan tí agogo rẹ̀ náà sán, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Tokyo títí di òní. Ohun tí mo kọ́ lára Rikyū ni pé ọparun kan ṣoṣo lórí ògiri tó mọ́, tí kò sí nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ ju ọparun ogún tí a rọ́ jọ lọ. Pálọ̀ tí àga, tábìlì, àwòrán àti ògiri rẹ̀ jẹ́ ọparun máa ń dà bí ilé ọtí létí òkun.

Èyí tó tún wúlò jù ni ògiri alágbèéká tí a fi ń pín pálọ̀ sí méjì, pàápàá nínú ilé yàrá kan. Ọ̀pá 20 tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 láàárín wọn, yóò fún yín ní ìbú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.2. Gíga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó. Ẹ jẹ́ kí oríkèé wà nítòsí ìpẹ̀kun ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni kì í tètè là. Ìṣó kò gbọdọ̀ fara kan ọparun: dírílì ni kí ẹ fi dá ihò, kí ẹ ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú gbogbo wọn lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ fi òrùka igi sí àárín wọn. Kí kápẹ́ńtà ṣe férémù igi líle sí i, kí ìdí ọparun má sì kan ilẹ̀, nítorí omi tí a fi ń nu ilé. Lẹ́yìn náà ẹ kun fánísì tí kò dán jù. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń gba àárín àwọn ọ̀pá náà wọlé, mi ò tíì rí kọ́tìnì tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ìbòrí iná, ẹ ó nílò ọparun lílà. Láti orí ọ̀pá ni kí ẹ ti la á lọ sí ìdí, bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Jàpáànù ṣe ń ṣe: ẹ là á sí méjì, kí ẹ la ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀ yóò bá yín hun ún láàárín ọjọ́ kan. Gílóòbù LED nìkan ni kí ẹ fi sínú rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ gbóná jù, ọparun sì ń jóná kíákíá. Nítorí iná yìí kan náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọparun bo àjà ilé ìdáná.

Ọ̀pá kọ́tìnì, férémù dígí, ibi ìfaṣọkọ́: ọwọ́ yín yóò tètè mọ ìwọ̀nyí. Ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ yọ sílẹ̀, torí èbu.

“Ọparun” inú ìgò

Ewéko kékeré tí wọ́n ń tà nínú ìgò omi, tí wọ́n lọ́ igi rẹ̀ bí ọ̀já, tí wọ́n ní ó ń fa oríire wọlé, kì í ṣe ọparun. Dracaena sanderiana ni orúkọ rẹ̀, agbègbè Kamẹrúùnù ló sì ti wá kí àwọn ará Ṣáínà tó máa gbìn ín tà fún gbogbo ayé. Ní ti wọn, igi mẹ́ta dúró fún ìdùnnú, ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn, wọn kì í sì í fi mẹ́rin ta ènìyàn lọ́rẹ. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ ìyá pèrègún ni. Dracaena fragrans ni pèrègún tí àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀, tí wọ́n ń gbìn sí ojúbọ. Bí ẹ bá fẹ́ ewéko tútù tó ní ìtàn nínú pálọ̀, ẹ gé pèrègún kan, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti pá a lórí. Ẹ máa bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí olóńgbò jẹ ewé rẹ̀.

Àyẹ̀wò

Fún ọparun tòótọ́, àkísà gbígbẹ tó fún eruku. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ ohun ọparun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú, ẹ wá ihò tó ti ń jáde, ẹ fa omi borax àti boric acid sínú abẹ́rẹ́ ìgúnni, kí ẹ fún un sínú ihò náà títí yóò fi kún, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì fi ìda dí i. Bí lẹ́búlẹ́bú bá tún ń dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé nǹkan náà jáde lọ́jọ́ náà, kí kòkòrò rẹ̀ má baà kó ran ìyókù.